Kóńgò yìí ò pé: ẹ yé fi fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30 wọn ọmọ ọlọ́mọ

1/
Ẹ̀yin tèmi, ẹ fún mi láyè lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jókòó. Gbogbo wa la ti rí irú fídíò yẹn: ọmọkùnrin kan lórí ilẹ̀ pupa, ó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹnì kan, ó fi ara tan ẹnì kejì, ó gbá a wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá 30, ó ti tán. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ọmọ ọdún 15, Ìbàdàn. Osimhen tó ń bọ̀." Àwa náà á ya lọ sísàlẹ̀, a ó máa tag Chelsea.

2/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: kò sí ẹnì kan nínú wa tó tíì wọn ọmọ yẹn. A ò mọ ọjọ́ orí ẹ̀. A ò mọ àwọn tó ń bá gbá. A ò mọ ohun tó ṣe nínú gbogbo ìṣẹ́jú tó kù tí wọn ò fi hàn wá. Àmọ́ a ti dájọ́. Ìdájọ́ wa yẹn sì ń náni lówó. Ọmọ á fi iṣẹ́ tó ń kọ́ sílẹ̀. Ìyá á kó owó ọjà jáde. "Agent" á gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ńbà agent ò ní lọ mọ́.

3/
Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti ra gàrí l'Ọ́jà'ba rí mọ kóńgò. Ó sì mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Wọ́n á bu gàrí síbẹ̀, á kún dẹ́nu, á tún ga gègèrè lókè, ojú rẹ á gbà pé ó pọ̀. Dé ilé, dà á sínú abọ́ tìẹ, kó o wá wò ó. Gàrí ò ṣe nǹkan kan o. Kóńgò ló purọ́.

4/
Bọ́ọ̀lù ò níṣòro lára àwọn ọmọ wa. Láti Bẹẹrẹ dé Mápó, láti Ọjà'ba dé Beyerunka, ẹ̀bùn wà nílẹ̀. Kóńgò tá a fi ń wọ̀n ọ́n ni ìdí ẹ̀ ti wọlé. Mẹ́ta sì ni kóńgò irọ́ yìí: ọjọ́ orí tí wọ́n gé, ara tó tètè dàgbà, àti fídíò. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

5/
Kóńgò kìíní: ọjọ́ orí. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò mọ "football age". Ẹni tó ti pé 20 á ní 15 lòun. Irùngbọ̀n tó fá láàárọ̀ á ti máa yọjú kó tó dìrọ̀lẹ́. Á máa pe kóòṣì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ní "sà". Wọ́n á wá lọ kọ́ọ̀tù lọ búra ọjọ́ orí tuntun fún un, ó tán, wọ́n ti tún un bí.

6/
Yorùbá mà la jẹ́ o. Ẹni tó fi ọjọ́ kan ṣáájú wa délé ayé, "ẹ" la ó máa pè é títí tá a ó fi kú. Àmọ́ tọ́rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti dé, àbúrò á di ẹ̀gbọ́n nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n á di àbúrò, bàbá àti ìyá á sì jókòó síbẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ó ku ọjọ́ tá a máa gbọ́ pé ọdún mẹ́ta ló wà láàárín Táíwò àti Kẹ́hìndé.

7/
Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, FIFA ti Nàìjíríà mọ́ ìta nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, torí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan nínú ìwé ìdíje kan ò bá ti ìdíje mìíràn mu. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ ká gbàlejò ẹ̀, Portugal ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ìran àwọn ọmọ kan pàdánù ààyè wọn nítorí ìwé tí àgbàlagbà kọ.

8/
Ní 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí ò ju 17 lọ wáyé níbí, FIFA gbé ẹ̀rọ MRI dé. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Nínú ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ibì kan wà nípẹ̀kun egungun tó ṣì rọ̀, ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Tí ibẹ̀ bá ti le tó ti dí pátápátá, àmì pé onítọ̀hún ti kọjá 17 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n já sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Egungun ò mọ ọ̀nà kọ́ọ̀tù.

9/
Mo mọ èsì tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀. "Ọmọ tálákà ni, ẹ jẹ́ kó jẹun. Gbogbo ayé ló ń gé e." Ó dáa. Mi ò bá ebi jà. Àárín ìgboro yìí náà ni mo ti jẹun dàgbà, kì í ṣe Bódìjà. Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń sanwó irọ́ yẹn?

10/
Kì í ṣe FIFA. Kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ ọdún 15 tòótọ́ ni, èyí tó fẹsẹ̀ rìn láti Beyerunka wá síbi screening láàárọ̀. Èjìká àwọn tí wọ́n pè ní ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ga dé. Wọ́n fi ara kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kóòṣì ní "Ìwọ, jáde, o ò lágbára." Ọmọ yẹn ò ní padà wá. Ọmọ tálákà lòun náà. Ta ló ń bá òun bẹ̀bẹ̀ kó jẹun?

11/
Kódà, kò ṣe ẹni tó gé e lóore. Ẹni 20 tó ń bá ọmọ 15 gbá bọ́ọ̀lù, kí ló ń kọ́? Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ọmọdé ṣubú. Ó ń kọ́ pé bóun bá ṣáà ti ju bọ́ọ̀lù síwájú, òun á sá bá a. Ọjọ́ tó bá pàdé ọkùnrin bíi tiẹ̀, tó yára tó o, tó le tó o, kò ní nǹkan kan lápò mọ́. Àsìkò tó yẹ kó fi kọ́ iṣẹ́ ló fi ń fìyà jẹ ọmọdé.

12/
Ìyẹn nìkan kọ́. Ara kì í kàwé. Ìwé lè sọ pé 25 ni ọ́, ẹsẹ̀ rẹ mọ̀ pé 30 ni. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ rà ọ́ rò pé ọdún mẹ́jọ ṣì wà lára rẹ, wọ́n á rí i pé mẹ́ta ló kù. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

13/
Ẹ wo ife tiwa. Ìdíje àgbáyé àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985 gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ ọdún 16, kó tó di ti 17: a gbà á ní 1985, 1993, 2007, 2013, 2015. Márùn-ún. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tó gbà á tó wa. Ife àgbáyé àwọn àgbà ńkọ́? Ìpele àwọn 16 la ti ń padà sílé: 1994, 1998, 2014. Ní 2022, a ò tiẹ̀ dé Qatar.

14/
Mi ò ní ẹnì kankan gé ọjọ́ orí o, ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká jẹ ọba láàárín ọmọ ọdún 17 kì í ṣe ẹ̀rí pé a máa jẹ ọba láàárín ọkùnrin. Macauley Chrisantus ló gbá góòlù jù ní 2007. Sani Emmanuel ni wọ́n fún ní bọ́ọ̀lù wúrà ní 2009. Kelechi Nwakali gbà á ní 2015, Arsenal sì mú un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn mọ bọ́ọ̀lù. Ibi tí àwa gbé wọn sí lọ́kàn lọ́jọ́ náà, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n dé?

15/
Kóńgò kejì: ara. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ìwé ìbí pé, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ọmọ ọdún 14 méjì lè dúró pa pọ̀, kí ọ̀kan ti fẹ̀ láyà bíi géńdé, kí èkejì ṣì rí bí igi ẹfọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ bàlágà á sáré jù, á fò jù, á gbá bọ́ọ̀lù le jù. A ó ní ìràwọ̀ ni. Ọdún mẹ́ta sí i, èkejì á ga bá a, ìràwọ̀ yẹn á wá rí bíi gbogbo ọmọ.

16/
Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Kánádà díẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Họ́kì orí yìnyín ni eré tiwọn: bàtà onírin lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́. Ní 1985, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Roger Barnsley, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ oṣù ìbí àwọn tó ń gbá a wò. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn lọ.

17/
Ṣé ìràwọ̀ January ló dáa ju ti December ni? Rárá o. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ́ ọjọ́ orí sọ́tọ̀. Ọmọ January fi bí oṣù 11 ju ọmọ December lọ, ẹgbẹ́ kan náà sì ni wọ́n wà. Lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, oṣù 11 kì í ṣe kékeré. Kóòṣì á mú èyí tó tóbi, á fún un ní eré púpọ̀, á kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó bá fi máa pé 18, ó ti mọ̀ ọ́n ju èkejì lóòótọ́. Àṣìwọ̀n ló kọ́kọ́ wáyé, òun ló wá sọ ara ẹ̀ di òótọ́.

18/
Tí oṣù 11 bá lè da ìwọ̀n rú báyẹn níbi tí gbogbo ìwé ìbí ti pé, ẹ wá ro ohun tí ọdún márùn-ún máa ṣe níbi screening tiwa.

19/
Àwọn kan náà yẹn, tí ọmọ bá ti tó bí ọdún 18, ẹgbẹ́ ńláńlá NHL á jókòó, wọ́n á máa yan àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Draft ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti wo eré ọmọ náà lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti bá a jókòó sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ní 1993, Alexandre Daigle ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú gbogbo ọmọ, kò sì dé ibi tí wọ́n sọ pé ó máa dé. Ní 1998, wọ́n pe 170 ọmọ kí wọ́n tó pe Pavel Datsyuk. Ife Stanley méjì ló gbà.

20/
Àwọn tó ní owó, tó ní dókítà, tó ní ọdún mẹ́ta fídíò lọ́wọ́, wọ́n ṣì ń ṣì í wọ̀n. Ìwọ tó o di fóònù Tecno mú ní ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ Saturday kan ṣoṣo, ta ló fún ẹ lóògùn aríran?

21/
Kóńgò kẹta wá nìyẹn: fídíò. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30 kì í purọ́, ó kàn ń dákẹ́ ni. Ìgbà mẹ́wàá tó gbìyànjú nǹkan yẹn tó pàdánù bọ́ọ̀lù, wọ́n ti gé e kúrò. Ẹni tó ń dojú kọ, bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún, bóyá ìpanu ni wọ́n ń gbá, ẹ ò lè mọ̀.

22/
Ohun kan wà tí àwa ọmọ ìgboro gbọ́dọ̀ sọ fúnra wa. Ilé sún mọ́lé níbí. Monkey post la fi dàgbà, láàárín ògiri méjì, pẹ̀lú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fún wa ní ẹsẹ̀ tó mọ́, bọ́ọ̀lù kì í jìnnà sí wa. Ẹ̀bùn ńlá ni. Àmọ́ pápá tòótọ́ fẹ̀. Ọmọ tó ń tan ènìyàn mẹ́ta láàárín ilé lè má tíì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù wà ní ìhà kejì pápá. Fídíò ọ̀hún ò lè sọ ìyẹn fún ẹ.

23/
"Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n wọ̀n, báwo ló yẹ ká ṣe é?" Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Ẹ lọ wo ọmọ náà ní eré tó pé 90, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù, òun nìkan ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Kí ẹ wá bi ara yín láwọn ìbéèrè yìí:

24/
Ọ̀kan: kí ló ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀? Nínú eré 90, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni bọ́ọ̀lù ń wà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan. Ibi tó kù ni iṣẹ́ wà. Ṣé ó ń rìn ni, ṣé ó ń wá àyè, ṣé ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá?

Méjì: ṣé ó ń wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé? Onímọ̀ kan wà ní Norway, Geir Jordet, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo èyí: àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an máa ń yírí ká kí bọ́ọ̀lù tó kan ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

25/
Mẹ́ta: tó bá pàdánù bọ́ọ̀lù, ṣé ó dúró, ó na ọwọ́ sókè, ó ń wo rẹfirí? Àbí ó sá tẹ̀ lé e?

Mẹ́rin: tí wọ́n bá tì í sí ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lò, kí ló ń ṣe?

Márùn-ún: ìṣẹ́jú 75, oòrùn ń mú, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti jẹ góòlù méjì. Irú ènìyàn wo ló dà?

Mẹ́fà: ta ló ń bá gbá? Ẹ gbé e sáàárín àwọn tó jù ú lọ, kí ẹ wò ó níbẹ̀.

26/
Méje, òun sì ni ọba wọn: ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ohun tí kò mọ̀ nígbà yẹn, ṣé ó ti mọ̀ ọ́n? Ibi tí ọmọ wà lónìí kọ́ ni àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù ń rà. Ibi tó lè dé ni. Ọmọ tó ń kọ́ nǹkan lóṣooṣù, tó kéré lára, ó sàn ju òmìrán tó dúró sójú kan lọ.

27/
Ẹ̀ ń pariwo pé Ìbàdàn ni ilé bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Shooting Stars wa ló kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo irú àwọn tó gbá a, ká wo bóyá kóńgò tiwa òde òní máa rí wọn.

28/
Muda Lawal: iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde. Ó gbá ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà nígbà márùn-ún, láti 1976 dé 1984. Olóye ni, aláìkìísinmi. Iṣẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìṣẹ́jú àáyá 30.

Segun Odegbami: Poly Ìbàdàn ló ti ń kàwé ẹnjiníà. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, Nàìjíríà na Algeria 3-0 ní Surulere. Odegbami gbá méjì, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ọmọ mẹkáníìkì àti ọmọ Poly, ẹgbẹ́ Ìbàdàn kan náà. Kò sẹ́ni tó fi ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nítorí ariwo.

29/
Rashidi Yekini ńkọ́? Kàdúná ló ti wá, ó bá Shooting Stars gbá láti 1982. Ó lọ sí Abiola Babes, ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, kó tó dé Portugal ní 1990. Ọdún 1963 ni wọ́n bí i, ẹ ṣírò ẹ̀. Ó ti ń lọ sí 27 kí Yúróòpù tó mọ̀ ọ́n. Agent òde òní á ní ó ti gbó. Ní 1993 ó di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1994 òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé, pẹ̀lú Bulgaria. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

30/
Osimhen tẹ́ ẹ fi ń ṣe ìwọ̀n gan-an, ìtàn tiẹ̀ ń ta kò yín. Góòlù 10 ló gbá ní ìdíje àgbáyé 2015. Ó dé Wolfsburg, kò rí góòlù kan gbá ní líìgì. Ní 2018, ẹgbẹ́ méjì ní Belgium, Zulte Waregem àti Club Brugge, dán an wò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Charleroi ló gbà á. Ibẹ̀ ló ti lọ sí Lille, ó lọ sí Napoli, ó gba líìgì Italy ní 2023, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà lọ́dún náà. Ká ní ìdájọ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń dá ayé ẹni ni, ì bá ti parí ní Belgium.

31/
Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó, ibi tó ti ń dun ni. Òfin FIFA: ọmọ tí ò tíì pé 18 ò lè kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní òmíràn, àfi lórí àwọn ìdí díẹ̀ kan, bíi kí òbí ẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ fún nǹkan tí kò kan bọ́ọ̀lù. Torí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 láti Ọjà'ba lọ Turkey lọ buwọ́ lùwé, tó ní kí màmá lọ wá owó físà wá: ẹ má jókòó tì í. Ẹ dìde.

32/
Agent tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA. Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fún wọn. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA, ẹnikẹ́ni lè wá a. Tó bá ní òun ni agent, ẹ ní kó fi hàn yín. Tó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹni tó gbà pé ọmọ rẹ máa di olówó máa ń dúró de owó tó ń bọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ti màmá rẹ, ti màmá rẹ gan-an ló wá gbà.

33/
Ẹ̀yin kóòṣì àdúgbò, ẹ gbọ́ tiyín. FIFA ní tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ṣì wà, 5% owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Láti 12 sí 15, 0.25% lọ́dọọdún. Láti 16 sí 23, 0.5% lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò ẹ̀: ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ láti 12 sí 15, tí wọ́n wá tà á ní mílíọ̀nù 10 euro, 100,000 euro ni tiwọn.

34/
Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. 100,000 euro. Bọ́ọ̀lù mélòó nìyẹn, bàtà mélòó? Àmọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tòótọ́, ló máa rí i gbà. Ẹni tó gé ọdún márùn-ún kúrò nínú ìwé ọmọ, àwọn ọdún tí òun gan-an fi tọ́ ọ ló gé dànù. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa owó ara ẹ̀.

35/
Ẹnì kan á tún ní: "Fídíò ló mú lágbájá dé ibi tó wà." Ó ṣeé ṣe. Fídíò ń kanlẹ̀kùn, mi ò jiyàn. Kíkan ilẹ̀kùn kọ́ ni ìwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ ní tòótọ́, ẹ gbé eré tó pé sókè, gbogbo ìṣẹ́jú ẹ̀, títí kan ibi tó ti ṣe àṣìṣe. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ síbẹ̀, èyí tí ìyá ẹ̀ mọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí àwọn tó ń bá gbá. Scout tó mọṣẹ́ ẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

36/
Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀.

Òbí: lọ gba ìwé ìbí ọmọ rẹ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn, NPC, nígbà tó ṣì kéré, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá ọ tún un bí.

Kóòṣì: forúkọ ẹgbẹ́ rẹ sílẹ̀, má lé ọmọ kékeré nítorí pé wọ́n tì í ṣubú. Béèrè ọjọ́ orí ẹni tó tì í ná.

Ọmọ: má fi ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ sílẹ̀, má fi ìwé sílẹ̀. Muda Lawal ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

37/
Ẹ̀yin tó di ìjọba ìbílẹ̀ mú láti òkè Mápó títí dé gbogbo ìgboro: àwọn ọmọ yìí nílò líìgì ọlọ́jọ́ orí, tí wọ́n á máa gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n á máa kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n tó dáa jù lọ lágbàáyé ni eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì lójú gbogbo èèyàn. Ìdíje olóṣèlú tó ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìbò, tí wọ́n á pín jésì alórúkọ, kì í ṣe ìwọ̀n. Ìpolongo ni.

38/
Àwa tá a wà níbí, iṣẹ́ tiwa ló kéré jù. Kí o tó tẹ bọ́tìnì tó ń pín in, béèrè: ọdún mélòó ni, ta ló ń bá gbá, eré tó pé dà? Tí wọn ò bá dáhùn, má pín in. Ariwo wa ni àwọn oníjìbìtì fi ń mú ẹja. Tí a bá dákẹ́, ìwọ̀ wọn á gbẹ.

39/
Ọmọ ọdún 15 tòótọ́ kan wà ní àdúgbò yìí lónìí tó ń wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, tó ń sá tẹ̀ lé e tó bá pàdánù ẹ̀, tí kò tíì ga, tí kò ní fídíò kankan. Kóńgò tá a ní lọ́wọ́ báyìí ò lè rí i. Ẹ jẹ́ ká lu ìdí ẹ̀ padà síta.